Ẹ̀yin tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn fún ọmọ yín rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ̀rọ̀

Ìyá Àjọkẹ́, Ìbàdàn
Ọjọ́ Ajé, 10:40 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin òbí. Mi ò kì í sábà kọ nǹkan síbí, kíkà ni mo máa ń kà. Àmọ́ lálẹ́ òní, oorun kọ̀, kò wá. Ọmọ mi sùn sáyà mi, mo sì ń gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù kìkìkì.

Àjọkẹ́ pé oṣù mẹ́rìnlá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kò tíì ju ọmọ oṣù mẹ́ta lọ tí mo ti ń rí i pé bó bá ń sunkún, ètè rẹ̀ á dú, èékánná rẹ̀ á dà bí ohun tí wọ́n rẹ sínú aró. Ìyá ọkọ mi ní òtútù ni, wọ́n sì ń fi òrí àti àdí pa á lára lálaalẹ́. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, mi ò bá wọn jà. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù tó lọ, ó jí láàárọ̀, ó sunkún díẹ̀, ni gbogbo ara rẹ̀ bá dú, ọrùn rẹ̀ sì rọ̀ sí mi lọ́wọ́. Bí a ṣe dé ọsibítù lọ́jọ́ yẹn, mi ò lè sọ.

Wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọkàn lé e láyà. Wọ́n ní Tetralogy of Fallot ni, àléébù mẹ́rin nínú ọkàn kan ṣoṣo, àti pé iṣẹ́ abẹ ló lè tún un ṣe. Mo bi dókítà pé ṣé ọmọ mi á yè é. Wọ́n ní níbi tí wọ́n bá ti mọ̀ ọ́n ṣe, tí irinṣẹ́ sì pé, nínú 100 ọmọ, bíi 97 ló ń bá ìyá wọn padà sílé.

Láti ọjọ́ náà, àwọn mẹ́ta tó kù ni mò ń rò. Ta ni wọ́n? Kí ló ṣe wọ́n? Kí ló fi dá mi lójú pé tèmi kò sí lára wọn? Ìyá ọkọ mi ní ká jẹ́ kó pé ọmọ ọdún márùn-ún kí eegun rẹ̀ gbó ná. Ọkọ mi kò sọ nǹkan kan. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà yìí kọjá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ̀rọ̀.

---

Bàbá Fèyí, Abẹ́òkúta
Ọjọ́ Ajé, 11:25 alẹ́

Ìyá Àjọkẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọlọ́run á dá ọmọ náà sí fún yín.

Tiwa yàtọ̀ díẹ̀ sí tiyín. Ihò ló wà láàárín yàrá méjèèjì tó wà nísàlẹ̀ ọkàn ọmọ mi, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní VSD. Òun kì í dú. Òógùn ló máa ń bò ó bó bá ń mu ọmú. Á mu díẹ̀, á sinmi, á tún mu díẹ̀, kò sì sanra. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni òtútù àyà dá a dùbúlẹ̀ kó tó pé ọmọ oṣù mẹ́wàá. Oṣù kọkànlá ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Ó ti pé ọmọ ọdún méje báyìí, kò sì sí ọmọ tó ń sáré tó o ládùúgbò wa.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni mo fẹ́ sọ fún yín. Nígbà tí wọ́n ní kí n wọlé wá wò ó lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, mi ò dá a mọ̀. Ojú rẹ̀ wú. Rọ́bà kan wà lẹ́nu rẹ̀ tó ń bá a mí, òmíràn wà lọ́rùn, méjì jáde láti àyà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà sun sínú ike. Wáyà tín-ín-rín méjì tún jáde lókè ikùn, tó jẹ́ pé bí ọkàn bá ṣìlù, ibẹ̀ ni wọ́n máa gbà ràn án lọ́wọ́. Mo rò pé ó ti kú. Nọ́ọ̀sì kan tó ti dàgbà ló fà mí lọ́wọ́, ó ní, "Bàbá, gbogbo ohun tí ẹ rí yìí la ti ń retí. Ẹ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀." Mo fọwọ́ kàn án. Ó gbóná. Ó ní bí ẹsẹ̀ bá ti gbóná báyẹn, ọkàn ń ti ẹ̀jẹ̀ dé ìsàlẹ̀ nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n yọ rọ́bà ẹnu. Lọ́jọ́ kẹfà ó kúrò ní ICU, yàrá tí wọ́n ti ń ṣọ́ àwọn tí ara wọn kò yá gan-an. Lọ́jọ́ kejìlá a wà nílé. Nítorí náà, ẹ béèrè iye nọ́ọ̀sì tó ń wà níbẹ̀ lóru. Iṣẹ́ oníṣẹ́ abẹ gba wákàtí mẹ́rin, gbogbo ìyókù ọwọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ló wà.

---

Adùnní Nọ́ọ̀sì, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:10 àárọ̀

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ òru dé ni. Yàrá tí a ti ń tọ́jú àwọn ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn fún ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ọdún kẹsàn-án mi nìyí. Ìyá Àjọkẹ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé kí ẹ má ro ti àwọn mẹ́ta yẹn. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Bristol níbí. Ní 1988, dókítà akunnilóorun kan tó ń jẹ́ Stephen Bolsin bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọsibítù kan níbẹ̀ tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn fún ọmọdé. Ó kíyè sí i pé iṣẹ́ abẹ ń pẹ́ jù, àwọn ọmọ sì ń kú ju bó ṣe yẹ lọ. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n. Ó sọ fún àwọn ọ̀gá, wọn kò kà á sí. Ọdún pọ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó tú síta. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ lábẹ́ Ian Kennedy, ìjábọ̀ wọn sì jáde ní 2001. Ohun tí wọ́n rí ni pé láàárín 1991 sí 1995, ọmọ 30 sí 35 tí kò tíì pé ọdún kan ló kú níbẹ̀ ju iye tí à bá máa retí ní irú ọsibítù bẹ́ẹ̀ lọ. Lára ẹ̀dùn àwọn òbí náà ni pé wọn kò sọ bí ewu ṣe tó gan-an fún àwọn kí wọ́n tó fọwọ́ síwèé.

Òun ló mú kó jẹ́ pé lónìí, gbogbo ọsibítù tó ń ṣe iṣẹ́ yìí níbí ló ń kà, tí wọ́n sì ń gbé e síta kí gbogbo ayé rí i. Nínú 100 ọmọ, bíi 98 ló ń wà láàyè ní ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Àmọ́ wọn kì í kàn fi iye òkú wé iye òkú. Wọ́n á wo ọjọ́ orí ọmọ, bó ṣe tẹ̀wọ̀n tó, irú iṣẹ́ abẹ tó jẹ́, àti àìsàn mìíràn tó bá wà lára rẹ̀, kí wọ́n tó sọ pé ilé kan ṣe dáadáa tàbí kò ṣe dáadáa. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ọsibítù tó bá ń gba àwọn ọmọ tí ara wọn kò yá jù lọ ni á dà bí ẹni tó burú jù, oníṣẹ́ abẹ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún wọn. Mo fẹ́ràn kí àwọn òbí mọ èyí, nítorí ó ń bà mí nínú jẹ́ bí wọ́n bá fi nọ́ńbà lásán yan ibi tí wọ́n máa gbé ọmọ lọ.

Ẹ padà lọ bá dókítà yín. Ẹ bi wọ́n pé 97 yẹn, ti ta ni? Ṣé ti ilé ìwòsàn yín ni, àbí inú ìwé ni wọ́n ti kà á nípa ilẹ̀ mìíràn? Irú ọmọ bíi Àjọkẹ́ mélòó ni wọ́n ṣe fún lọ́dún tó kọjá? Ibo ni wọ́n kà á dé, ṣé ìgbà tí ọmọ kúrò lórí tábìlì ni, ṣé ọgbọ̀n ọjọ́ ni, àbí ọdún kan? Dókítà tó mọṣẹ́ kò ní bínú sí i.

---

Bàbá Àgbà Ṣakí
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:02 àárọ̀

Ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ o. Mo ti lé ní ẹni 70 ọdún. Nígbà tiwa, ọmọ tí ètè rẹ̀ bá ń dú, tó ń dákú, àbíkú la máa ń pè é, a sì mọ àgbo tí a ń ṣe fún un. Ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀bẹ la ọmọ oṣù mẹ́rìnlá láyà. Ẹ fi ti ilé gbìyànjú ná. Bí kò bá jẹ́, ọsibítù kò lọ síbì kankan.

---

Oníṣègùn Ọmọdé, Èkó
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11:30 àárọ̀

Bàbá wa, ẹ káàárọ̀, mo dọ̀bálẹ̀. Mi ò fẹ́ já àgbà níyàn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó wà nínú ọkàn ọmọ náà.

Ihò kan wà láàárín yàrá méjèèjì tó wà nísàlẹ̀. Ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà lọ sí ẹ̀dọ̀fóró há. Òpó ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí gbogbo ara kúrò ní àyè rẹ̀, ó jókòó lé orí ihò yẹn. Nítorí pé ọ̀nà há, ẹran ara yàrá ọ̀tún ki bí apá alágbẹ̀dẹ. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ tí kò tíì dé ẹ̀dọ̀fóró lọ gba atẹ́gùn ń bá inú ihò kọjá sí ara, òun ló ń mú kí ètè dú. Kò sí ohun tí ọmọ lè mu tó máa dí ihò náà tàbí kó la ọ̀nà tó há. Àgbo mìíràn sì wà tó ń ya ọmọ nígbẹ̀ẹ́, bí omi bá sì gbẹ lára ọmọ yìí, dídákú rẹ̀ á le sí i. Mo máa ń rò ó pé lára àwọn ọmọ tí àwọn ìyá wa àgbà sọ ní Dúrósinmí àti Málọmọ́, àwọn kan á wà tó jẹ́ ọkàn báyìí ni wọ́n gbé wáyé. Wọn kò ní ẹ̀rọ tí wọ́n lè fi wò ó nígbà náà.

Ní ti dídúró di ọdún márùn-ún, rárá o. Níbi tí ohun gbogbo bá ti wà, kí ọmọ tó pé ọdún kan ni wọ́n máa ń fẹ́ ṣe é. Àjọkẹ́ kò tíì pẹ́ jù, ṣùgbọ́n kó má pẹ́ sí i. Ìyá Àjọkẹ́, bó bá tún dú bẹ́ẹ̀, ẹ má gbé e dúró. Ẹ ká orúnkún rẹ̀ méjèèjì mọ́ ọn láyà, ẹ fi pẹ̀lẹ́ rẹ̀ ẹ́ kó dákẹ́ ẹkún, kí ẹ sì máa gbé e bọ̀ ní ọsibítù. Àwọn tó ti ń rìn nínú wọn máa ń lóṣòó fúnra wọn bó bá rẹ̀ wọ́n, ohun kan náà ni wọ́n ń ṣe fún ara wọn. Kí wọ́n yẹ jẹ́nótáípù rẹ̀ wò kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé, nítorí ọmọ tó bá jẹ́ SS nílò ìmúrasílẹ̀ mìíràn kí wọ́n tó gbé e sórí ẹ̀rọ tó máa ń ṣiṣẹ́ fún ọkàn nígbà iṣẹ́ abẹ. Eyín rẹ̀ náà, ẹ máa fọ̀ ọ́ dáadáa. Kòkòrò láti eyín tó ti jẹrà lè bá ẹ̀jẹ̀ dé inú ọkàn.

Nítorí àrùn yìí gan-an ni wọ́n ṣe ṣe iṣẹ́ abẹ kan tí gbogbo wa ń kọ́ nípa rẹ̀ ní ilé ìwé. 29 oṣù kọkànlá 1944 ni, ní ọsibítù Johns Hopkins ní Baltimore, ní Amẹ́ríkà. Ọmọbìnrin oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kan ni. Helen Taussig, dókítà àwọn ọmọdé, ló mú àbá rẹ̀ wá. Alfred Blalock ló mú ọ̀bẹ. Ṣùgbọ́n Vivien Thomas, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tí kò ráyè wọ yunifásítì, ni ẹni tó ti fi ajá dán an wò títí tí ọ̀nà fi là. Lọ́jọ́ náà, orí àpótí ló dúró sí lẹ́yìn Blalock, tó ń sọ ohun tó kàn fún un. Wọ́n darí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí apá ọmọ náà sí ẹ̀dọ̀fóró. Ọmọ náà kò pẹ́ láyé, oṣù díẹ̀ ló lò sí i, àmọ́ láti ara rẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ti yè.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní 1954, oníṣẹ́ abẹ kan, Walton Lillehei, ní Minnesota, so iṣan ẹ̀jẹ̀ ọmọ mọ́ ti àgbàlagbà, lọ́pọ̀ ìgbà bàbá tàbí ìyá rẹ̀, kí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró òbí lè ṣiṣẹ́ fún méjèèjì nígbà tí wọ́n la ọkàn ọmọ. Ẹni 45 ni wọ́n ṣe é fún, 28 ló padà sílé. Láàárín wọn ni wọ́n ti kọ́kọ́ tún Tetralogy ṣe pátápátá. 28 nínú 45, nígbà náà, ayọ̀ ni. Láti ibẹ̀ la ti rìn dé 97.

---

Ìyá Tósìn, Òṣogbo
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:15 ọ̀sán

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ ọ̀rọ̀ yìí tí mo tún pa á rẹ́.

Ọmọ mi wà lára àwọn tí kò padà sílé.

Tósìn ní Down syndrome, èyí tí wọ́n máa ń bí mọ́ ọmọ, tí kì í jẹ́ kó tètè dàgbà bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo bí i, kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé nínú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, bí ìdajì ló máa ń ní àléébù ọkàn. Ọdún méjì gbáko ni ilé ìwòsàn kan fi ń fún wa lóògùn ikọ́. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni tó ya àwòrán ọkàn rẹ̀, níbòmíràn. Ibi tó yẹ kí ògiri wà láàárín ọkàn rẹ̀, ihò ńlá kan ló wà níbẹ̀. Dókítà tó rí i jókòó tì wá, ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i ni ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ jù ti ń ya lu ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, àwọn iṣan ibẹ̀ ti ń le. Ó ní ká ní oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún la gbé e wá ni. Ó ní bí a bá tún dúró, kò ní ṣeé ṣe mọ́ láéláé. Ó sọ ewu tó wà níbẹ̀, kò fi nǹkan kan pa mọ́ fún wa.

A ní kí wọ́n ṣe é. Lóru ọjọ́ kẹsàn-án, ìfúnpá inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ru sókè, kò sì wálẹ̀ mọ́.

Ìyá Àjọkẹ́, mi ò kọ èyí láti já yín láyà. Ẹ béèrè pé ta ni wọ́n, mo sì mọ ọ̀kan nínú wọn. Kì í ṣe pé wọ́n ṣẹ́ kèké kí ó tó mú ọmọ mi. Pípẹ́ ni. Mo kábàámọ̀ ọdún mẹ́ta yẹn lójoojúmọ́. Mi ò kábàámọ̀ iṣẹ́ abẹ. Lọ́jọ́ kẹta, ó la ojú, ó di ìka mi mú, ètè rẹ̀ sì pọ́n bíi ti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mi ò rí i bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ má dúró di ọdún márùn-ún.

---

Bàbá Àgbà Ṣakí
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3:40 ọ̀sán

Ìyá Tósìn, ẹ kú àmúmọ́ra. Ọlọ́run á tù yín nínú.

Dókítà, mo gbọ́ àlàyé yín. Mo gba ọ̀rọ̀ mi padà. Ọmọ wa kejì, ètè rẹ̀ máa ń dú. 1979 ni.

---

Kọ́lá, Ìlọrin
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:05 alẹ́

Àǹtí, àrùn tó ń ṣe Àjọkẹ́ gan-an ló ṣe èmi náà. Mo ti pé ọmọ ọdún 29. Ọmọ ọdún márùn-ún ni mí nígbà tí wọ́n gbé mi lọ sí Íńdíà, nítorí pé kò sí owó ṣáájú ìgbà yẹn. Mo rántí pé bí mo bá rìn dé ẹnu ọ̀nà, mo ní láti lóṣòó. Mo jáde yunifásítì, mo ń ṣiṣẹ́, mo gbéyàwó.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé wọn kò tíì parí rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá rán àpá àyà pa. Nígbà tí wọ́n la ọ̀nà tó há, ìlẹ̀kùn ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró máa ń jò lẹ́yìn náà. Ó lè gba ogún ọdún kó tó da ẹnikẹ́ni láàmú. Èmi kò lọ fún àyẹ̀wò fún bí ọdún mẹ́jọ, mo rò pé mo ti bọ́. Àfìgbà tí gígun àtẹ̀gùn bẹ̀rẹ̀ sí í nira fún mi, tí ọkàn mi sì ń fò. Ọdún tó kọjá ni wọ́n fi ìlẹ̀kùn tuntun sí i, iṣan itan ni wọ́n gbà wọlé, wọn kò tún là mí láyà. Nítorí náà ẹ tọ́jú gbogbo ìwé iṣẹ́ abẹ rẹ̀ bí ẹ ṣe ń tọ́jú ìwé ilẹ̀. Ó máa bi yín léèrè lọ́jọ́ kan.

---

Adùkẹ́, Ìjẹ̀bú-Òde
Ọjọ́rú, 7:20 àárọ̀

Kí á má gbàgbé ọ̀rọ̀ owó, torí òun ló ń dá ọ̀pọ̀ dúró. Ẹ lè kọ̀wé sí Kanu Heart Foundation. Nwankwo Kanu tó gba bọ́ọ̀lù fún wa ni, òun tí àyẹ̀wò ní Inter Milan fi hàn ní 1996, kété lẹ́yìn góòlù Òlíḿpíìkì Atlanta, pé ìlẹ̀kùn ọkàn rẹ̀ kò dára. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti tún un ṣe. Ní 2000 ó dá àjọ náà sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí òbí wọn kò rí owó. Ẹ bi àwọn tó wà ní ẹ̀ka ìrànwọ́ ní ọsibítù yín náà, wọ́n máa ń mọ ìgbà tí àwọn oníṣẹ́ abẹ àlejò bá ń bọ̀. Kì í sì í ṣe òkè òkun nìkan ni wọ́n ti ń ṣe é, láti 1974 ni wọ́n ti kọ́kọ́ la ọkàn ní Enugu.

---

Ìyá Àjọkẹ́, Ìbàdàn
Ọjọ́ Àìkú, 9:50 alẹ́

Mo ka gbogbo ohun tí ẹ kọ, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo fi ìwé kọ àwọn ìbéèrè Nọ́ọ̀sì Adùnní, mo sì kó o lọ. Dókítà kò bínú. Wọ́n ní òótọ́ ni, 97 yẹn kì í ṣe tiwọn, ti àwọn ilẹ̀ tó ti ń ṣe é tipẹ́ ni. Wọ́n ṣí ìwé wọn fún èmi àti ọkọ mi, wọ́n fi iye tí wọ́n ṣe àti iye tó kú hàn wá, wọ́n sì sọ ohun tó pa ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tiwọn kò tó 97. Ẹ̀rù bà mí, síbẹ̀ ọkàn mi balẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n ní ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró Àjọkẹ́ kò kéré jù, wọ́n lè tún gbogbo rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Jẹ́nótáípù rẹ̀ AA ni.

Mo ka ọ̀rọ̀ Ìyá Tósìn sétí ìyá ọkọ mi. Wọ́n sunkún. Wọn kò sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tó yá, wọ́n béèrè pé ẹni mélòó ni wọ́n máa ń jẹ́ kó sùn sí ọsibítù.

Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni. Àbúrò ọkọ mi ti lọ fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀.

---

Ìyá Tósìn, Òṣogbo
Ọjọ́ Àìkú, 10:15 alẹ́

Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ gan-an fún mi, èyí tí wọ́n pè lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, kí n lè máa fi gbàdúrà.

---

Ìyá Àjọkẹ́, Ìbàdàn
Ọjọ́ Àìkú, 10:17 alẹ́

Ìfẹ́dọlápọ̀, mà.